Èsì: ta ló lu Bourdeaux ní Georgia 7?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní báwo ni Carolyn Bourdeaux, Dẹmọkírátì tó wọlé sílé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 2020 láti Georgia 7 (ẹkùn ìdìbò keje ní ìpínlẹ̀ Georgia), ṣe pòórá ní 2022. Kì í ṣe Rìpọ́blíkánì ló lù ú o, ẹgbẹ́ tiẹ̀ náà ni. Wọ́n tún ààlà àwọn ẹkùn ìdìbò fà ní 2021, wọ́n ba ẹkùn Lucy McBath, aṣòfin Dẹmọkírátì mìíràn, jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, lòun náà bá kọjá sí Gwinnett, ní ẹkùn keje yìí, ó na Carolyn Bourdeaux ní ìdìbò abẹ́lé May 2022.

Tẹ́ ẹ bá ti di sítísìn tẹ́ ẹ sì ti forúkọ sílẹ̀, ẹ lè dìbò abẹ́lé, Georgia ò béèrè káàdì ẹgbẹ́. Green card ò tó o, ẹ má dán an wò rárá!

Ìbò kan ò já mọ́ nǹkan kẹ̀? Ní 2018, nínú nǹkan bí 280,000, ìbò tí ò tó 500 ni Rob Woodall, Rìpọ́blíkánì tó wà níbẹ̀ nígbà náà, fi ju Bourdeaux yìí kan náà lọ.