Èsì: Títa ilé bàbá yín n'Íbàdàn

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní oníbàárà ti wà nílẹ̀, àmọ́ ẹ ò tíì sọ fún àbúrò yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba kọ́bọ̀. Ilé ẹbí ni. Bí olórí ẹbí ò bá lọ́wọ́ sí i, òfo ni títà náà nílé ẹjọ́. Bí òun nìkan bá tà á láìsọ fún àwọn aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan (àwọn ọmọ ìyá kan náà ni ìdí-igi kan), wọ́n lè ní kí adájọ́ fagi lé e. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọmọ ìyá ń bá ara wọn ṣẹjọ́, ó sì dùn mí gan-an.

Bí ilé náà bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà. Òfin ilẹ̀ 1978 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ilé ni kí ẹ fún ajẹ́ńtì o, kì í ṣe ojúlówó.