Ìsàlẹ̀ táǹkì nìkan ni kí wọ́n tà fún wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Mo ka ìbéèrè yín pé táǹkì rìmóòtù ńlá wo ló yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ gbé jáde ní sáìsì 1/16 (ìyẹn ni pé gígùn ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 16 ti ojúlówó), pé ẹ ti ń retí Centurion, táǹkì Gẹ̀ẹ́sì kan, láti bí ọdún márùn-ún, ṣé kí ẹ ṣì máa retí ni àbí kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ọ. Mo ti wà níbi tẹ́ ẹ wà yẹn rí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀, owó tí mo sì ná kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi kì í ṣe kékeré, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Tèmi kì í ṣe Centurion, Vickers Mk 3 ni, táǹkì Gẹ̀ẹ́sì míì. Sójà ni bàbá mi, Bauchi la wà nígbà tí mo ṣì kéré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun Nàìjíríà ní táǹkì wíwà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ń wa àwọn Vickers sọ̀ kalẹ̀ látorí tírélà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú báàgì ilé ìwé lẹ́yìn, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìró ẹ́ńjìnnì yẹn ò sì kúrò létí mi dòní. Eagle ni wọ́n ń pè é nílé. Lọ́dún 1981 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun ṣe 36, Kenya ti ń ra tiẹ̀ ṣáájú wa. Ìbọn ẹ̀ jẹ́ 105 mm, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ Detroit Diesel onísílíńdà 12, ó wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù 39. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé Newcastle ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́bàá odò Tyne níbí, ìlú tí èmi náà wá ń gbé lónìí.

Látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń wá ẹni tó ń ta Vickers ní 1/16, mi ò rí i. Ohun tí mo ń rí ṣáá ni Tiger, táǹkì Jámánì ìgbà ogun àgbáyé kejì. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táǹkì rìmóòtù, Tamiya ní Tiger, Heng Long ní Tiger, Taigen ní Tiger. Tiger I tí wọ́n ṣe nígbà ogun ò ju 1,300 ó lé díẹ̀ lọ, Centurion ju 4,400, Churchill ju 7,000, ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá wù yín, Tiger ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Inú máa ń bí mi sí i nígbà yẹn, mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ló dá mi lóhùn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Nígbà tí mo wá lóye bí wọ́n ṣe ń ṣe é, inú mi rọ̀. Kí ike ẹyọ kan tó jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin, mọ́ọ̀dù yẹn lówó lórí gan-an, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi máa ta táǹkì náà kí owó mọ́ọ̀dù tó wọlé padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá táǹkì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kan ṣoṣo (àpótí tí wíìlì, ṣéènì àti gíà wà lára ẹ̀) máa bí ọmọ méjì mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ Panther ni Tamiya fi ṣe Jagdpanther, ìsàlẹ̀ KV kan ṣoṣo ló fi ṣe KV-1 àti KV-2, Heng Long náà fi ti Panzer III ṣe StuG III. Ẹ wá fojú yẹn wo Centurion yín o: Mk 3 wà níbẹ̀, Mk 5 wà níbẹ̀, Sho't tí àwọn Israel ń lò wà níbẹ̀, Olifant àkọ́kọ́ ti South Africa wà níbẹ̀, orí ẹsẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Tó bá jẹ́ èmi ni ọ̀gá ilé iṣẹ́, Centurion ni màá kọ́kọ́ ṣe kí n tó fọwọ́ kan Vickers, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Vickers lọkàn mi fẹ́. Torí náà ohun tẹ́ ẹ ń retí yẹn mọ́gbọ́n dání, ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa jẹ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tí mo ti ṣìnà. Mo rò pé ara táǹkì ló ṣòro láti ṣe, pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní wàhálà. Mo wo T-72, táǹkì Rọ́ṣíà tó wà lọ́jà ní 1/16, mo rí i pé wíìlì mẹ́fà ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan bíi ti Vickers, ẹ̀yìn ni wíìlì eléyín tó ń fa ṣéènì wà bíi ti Vickers, wíìlì kéékèèké mẹ́ta ló gbé ṣéènì lókè bíi ti Vickers, mo ní ó parí, ìsàlẹ̀ nìyí. Mo san £190 fún un. Mo fi oṣù mẹ́rin gé ike pẹlẹbẹ, oní 1.5 mm àti oní 2 mm, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo fi pọ́tì gbẹ́ iwájú orí táǹkì náà títí ó fi yípo bíi tòótọ́, tẹ́ ẹ bá rí i lórí tábìlì ẹ máa pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo gbé e sílẹ̀ pé kó rìn ni ojú mi já a. T-72 kúrú, ó tó bíi sẹ̀ǹtímítà 4 tó fi kúrú sí Vickers ní 1/16, ó sì tún fẹ̀ jù ú. Mo gé e láàárín, mo fi ike kún un kó lè gùn, mo sún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé. Bí mo ṣe gé e báyìí, ó ti wọ́ díẹ̀, kò tó 1 mm, ojú ò lè rí i, àmọ́ ṣéènì rí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó yà sápá òsì ni ṣéènì máa ń bọ́.

Ọjọ́ kan ṣéènì bọ́, ó há sáàárín wíìlì eléyín àti ara táǹkì, èmi ò tètè mọ̀, mo ṣì ń tẹ rìmóòtù síwájú. Motor ò lè yí mọ́, iná sì ń wọ inú ẹ̀ ṣáá. Mo gbóòórùn. Kí n tó sáré débẹ̀ bọ́ọ̀dù, pátákó iná tó ń darí motor, ti jóná. Mo ra bọ́ọ̀dù míì, oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn òun náà jó, lọ́nà kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kọ́, ẹ fi fíúsì sáàárín bátìrì àti bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fíúsì ò ju owó tíì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún rí ọ̀rọ̀ ìwúwo. Ẹ mọ̀ pé tí gígùn bá di ìdá kan nínú 16, ìwúwo á di ìdá kan nínú 4,096, torí gígùn, fífẹ̀ àti gíga ló jọ dínkù. Ẹ pín tọ́ọ̀nù 39 sí 4,096, ó máa tó kílò 9 àti ààbọ̀. Tèmi ò tó kílò 3 àtààbọ̀ nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ń fò lórí òkúta bí ọ̀pọ̀lọ́, kò jọ táǹkì, ó jọ nǹkan ìṣeré ọmọdé, ó sì dùn mí gan-an torí mo ti lo ọ̀pọ̀ òru lórí ẹ̀. Mo kó òjé tí àwọn apẹja ń lò sínú ẹ̀ títí ó fi di kílò 7. Ó rìn dáadáa, ó rìn bíi ẹran ńlá, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ kejì, gíà oníke inú ẹ̀ já eyín. Mo fi gíàbọ́ọ̀sì irin rọ́pò ẹ̀, ìyẹn wá sáré jù, Vickers tòótọ́ ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ní 1/16 ó yẹ kó jẹ́ bíi 3, ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì yára jùyẹn lọ, tèmi wá ń sá bí ajá. Mo tún pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó lọ́ra. Ìwúwo náà sì tẹ àwọn sípíríìnì inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ikùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo yọ gbogbo wọn, mo fi wáyà irin oní 3 mm ṣe ọ̀pá tó ń lọ́ lábẹ́ táǹkì bó ṣe wà lára ti ojúlówó, ẹyọ méjìlá, ọ̀kan fún wíìlì kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nínú gáréèjì lákòókò òtútù. Ọwọ́ mi bó.

Ṣé ẹ wá rí i, bọ̀dá? Nínú ọdún mẹ́ta tí mo fi kọ́ táǹkì yìí, ara ẹ̀ gba oṣù mẹ́rin péré. Gbogbo èyí tó kù, ìsàlẹ̀ ló jẹ ẹ́. Àwa tá a ń kọ́ nǹkan yìí lè ṣe ara, a ní ike, a ní príńtà 3D, a lè wo fọ́tò ká gbẹ́ ẹ. Ohun tá ò lè ṣe dáadáa nínú ilé ni àpótí ìsàlẹ̀ tó gún régé, gíàbọ́ọ̀sì tó lágbára tó sì lọ́ra, àti ṣéènì irin tí ẹyọ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan bára mu. Mo gbìyànjú láti fi príńtà tẹ ṣéènì, bíi 190 ẹyọ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì ó lẹ́wà, lórí kọnkéré ó jẹ tán láàárín oṣù kan, ihò tí wáyà ń gbà ló kọ́kọ́ ń fẹ̀, ṣéènì á wá máa gùn sí i títí á fi bọ́.

Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi bá wọn retí táǹkì tuntun odindi mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ilé iṣẹ́ kan ta ìsàlẹ̀ nìkan. Ìsàlẹ̀ irin oníwíìlì mẹ́fà, pẹ̀lú ihò oríṣiríṣi tí èèyàn lè sún wíìlì sí, kí gígùn ẹ̀ ṣe é fà, gíàbọ́ọ̀sì tó lè gbé kílò 10, ṣéènì irin. Ẹ̀yin á gbé Centurion lé e, èmi á gbé Vickers, ẹlòmíì á gbé Chieftain. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ Centurion ò rí bíi ti Vickers, méjì méjì ni wíìlì tiẹ̀ so pọ̀ tí sípíríìnì sì wà níta, ti Vickers ń lo ọ̀pá inú, àmọ́ ìyẹn ni kí wọ́n ta lọ́tọ̀, bí ẹni ń ta páàtì ọ̀kadà.

Ẹ tún béèrè nípa sáìsì 1/6, èyí tó tóbi ju 1/16 lọ. Armortek níbí ń ṣe irú ẹ̀, irin gidi ni, iṣẹ́ wọn wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n Vickers tó gùn tó mítà 9.8 tòun ti ìbọn ẹ̀ máa ju mítà 1.6 lọ ní 1/6, ẹ nílò ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, ọkọ̀ tó máa gbé e, àtàwọn ọkùnrin tó máa bá yín gbé e. Èmi ò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ má sọ. Ìró tó wà nínú bọ́ọ̀dù tí mo rà kì í ṣe ti Detroit rárá, bó ṣe ń dún kò bá ohun tí mo gbọ́ ní Bauchi mu. Àbúrò mi tó wà ní Houston lọ síbi tí wọ́n ti ń fi àwọn bọ́ọ̀sì àtijọ́ hàn, ó bá ọ̀kan tó ní ẹ́ńjìnnì Detroit, ẹbí kan náà pẹ̀lú ti Vickers, ó fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ra bọ́ọ̀dù ohùn TBS Mini tí Benedini ń ṣe, torí ó máa ń jẹ́ kéèyàn fi ohùn tó bá wù ú sínú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gáréèjì, mo pe bàbá mi lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, mi ò sọ nǹkan kan. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ta ló ń wa Vickers níbẹ̀ yẹn?"

Mo gbé e lọ síbi tí àwọn tó ń ṣe irú nǹkan yìí ti ń pàdé lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun wà lára àwọn tó ń jó irin ẹ̀ pọ̀ ní Elswick, ní Newcastle níbí. Ó bi mí bí mo ṣe mọ táǹkì náà, mo sọ fún un, ọ̀rọ̀ wa gùn. Kó tó lọ ó fìka tọ́ka sí àpótí ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀, ó ní mo gbé e síwájú jù. Mo ti sún un sẹ́yìn.

Ní tiyín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní báyìí, ẹ má fọwọ́ kan ara Centurion yẹn rárá ná. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìsàlẹ̀, ẹ kó òjé sí i títí á fi tó ìwúwo tó yẹ, ẹ jẹ́ kó rìn lórí kọnkéré fún oṣù kan gbáko láìní orí, kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kó gun òkúta. Tí ṣéènì bá bọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ tú u. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù nísàlẹ̀ yẹn o, síkírù ni kẹ́ ẹ fi dè é kó lè ṣe é tú. Ìwé tí mo ya ìwọ̀n àpótí ìsàlẹ̀ mi sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti ṣàtúnṣe ibi tó wọ́. Ẹ wulẹ̀ sọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, màá ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ òní.