Kí ló dé tó fi jẹ́ cicada ni wọ́n ń fi sẹ́nu òkú, tí kì í ṣe ikán?

Ẹnì kan ló kà á pé láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n máa ń gbẹ́ òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní jade bíi cicada, kòkòrò tí akọ rẹ̀ máa ń ké kíkankíkan lórí igi, wọ́n á sì fi sórí ahọ́n òkú kí wọ́n tó sin ín. Ó ní ṣebí ikán náà ń ti inú ilẹ̀ jáde, tó sì ń fò. Kí ló dé tí wọn ò gbẹ́ ikán?

Ìbéèrè gidi nìyí. Àṣà yìí gbilẹ̀ láyé àwọn ọba ìran Han, láti ọdún 206 ṣáájú ìbí Kristi títí di ọdún 220 lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbésí ayé cicada ló sì fa á. Ọdún bíi mélòó kan ni ọmọ rẹ̀ ń lò lábẹ́ ilẹ̀ (irú kan ní Amẹ́ríkà ń lo ọdún 17), omi inú gbòǹgbò igi ló ń fà mu. Bí àkókò bá tó, á jáde, á gun igi, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, á sì bọ́ síta tòun ti ìyẹ́. Awọ tó bọ́ sílẹ̀ á ṣì di igi mú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ojú, bí ẹni pé ẹ̀dá kan ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún òkú wọn gan-an nìyẹn: kí ara kù sẹ́yìn, kí ẹni tó ni ín máa lọ sókè.

Ikán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èsúnsún nìkan ló ń fò nínú wọn. Òṣìṣẹ́ àti ọmọ ogun wọn kì í hu ìyẹ́ rárá. Èsúnsún ọ̀hún náà, ìgbà díẹ̀ ló ń fi fò lẹ́yìn òjò. Á gé ìyẹ́ rẹ̀ dànù, takọtabo á sì padà wọnú ilẹ̀ lọ tẹ ìlú tuntun dó. Ayaba ikán lè pẹ́ láyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí cicada tó ti hu ìyẹ́ kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, àmọ́ àmì ẹ̀mí gígùn kọ́ ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà ńbẹ̀. Wọ́n gbà pé ìrì nìkan ni cicada ń mu, pé ẹ̀dá mímọ́ ni. Ìyẹn náà ló mú kí àwọn ìjòyè kan tó súnmọ́ ọba máa fi àmì rẹ̀ sára fìlà. Ikán ní tirẹ̀, pósí gan-an ló máa ń jẹ.