Òṣíbàtà tó ń yọ ewé tí kò tan òdòdó

Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ pé kí ló dé tí òṣíbàtà yín kò fi tan òdòdó. Bẹ́ ẹ ṣe là á kalẹ̀ nìyí: adágún sìmẹ́ǹtì tó jìn tó ínǹṣì 30, òṣíbàtà mẹ́ta nínú ike, ilẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ po ìgbẹ́ adìẹ mọ́, ẹ̀pìyà mẹ́wàá tó ń wẹ̀ káàkiri. Oṣù 5 ti kọjá, ewé wẹẹrẹ nìkan lẹ rí, omi sì ti ki bí ọbẹ̀ ewédú. Ẹnì kan wá ní kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi yẹn sílẹ̀. Inú ike ni ẹjọ́ wà.

Òwe ló so ojú oró mọ́ òṣíbàtà tá a fi ń rò pé bákan náà ni wọ́n ń gbé. Ojú oró kò mọ ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ bí irùngbọ̀n, inú omi ló ti ń jẹun. Òṣíbàtà ní iṣu nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Bí ẹ bá da oúnjẹ sínú omi, kì í ṣe òun lẹ bọ́. Ìgbẹ́ adìẹ yẹn jẹrà, ó tú sómi, ohun tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ló jẹ ẹ́ yó. Ilẹ̀ dúdú fúnra rẹ̀ fúyẹ́ jù, ó ń léfòó, ó sì ń rà mọ́ iṣu lára títí iṣu á fi jẹrà. Bí ẹ bá gbé ike náà sókè tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ohun tí mò ń wí nìyẹn.

Amọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ilẹ̀ òkìtì ikán dára gan-an, ó sì pọ̀ káàkiri lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ó, kẹ́ ẹ fún un lọ́wọ́: bó bá dúró bí òkèlè ẹ̀bà tí kò fọ́, ó ti tó. Bó bá le bí èyí tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò, ẹ fi yanrìn odò kún un, ìdá kan sí amọ̀ mẹ́ta. Bàsíà tó fẹ̀ tó ínǹṣì 14 sí 16, tó jìn ní 8, ni kẹ́ ẹ wá. Fífẹ̀ ló ṣe pàtàkì, nítorí ńṣe ni òṣíbàtà máa ń tàn kálẹ̀. Ẹ má lu ihò sí i nídìí.

Ajílẹ̀ NPK 15:15:15, ṣíbí tíì kan, ẹ wé e sínú bébà ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ tì í wọ inú amọ̀ ní ínǹṣì 4, kó jìnnà díẹ̀ sí iṣu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà lẹ ó máa tún un ṣe níwọ̀n ìgbà tó bá ń yọ ewé. Ẹ má wọ́n ọn sójú omi láéláé.

Ẹ gbin iṣu náà kí orí tí ewé ti ń yọ bọ́ sójú ilẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin iṣu ọdún ti pa á. Ẹ da òkúta wẹẹrẹ lé e tó ínǹṣì kan, kò gbọdọ̀ bo orí yẹn, kẹ́ ẹ wá rọra bu omi sí bàsíà náà títí tí kò fi ní hó mọ́ kẹ́ ẹ tó rì í. Bí ẹ bá gbé e wọlé ní gbígbẹ, afẹ́fẹ́ á ti gbogbo amọ̀ yẹn sókè.

Ẹ kọ́kọ́ fi búlọ́ọ̀kù gbé e, kí omi tó wà lórí iṣu má ju ínǹṣì 6 lọ. Tí ewé 4 tàbí 5 bá ti tẹ́ sójú omi, ẹ yọ búlọ́ọ̀kù kan, lẹ́yìn náà òmíràn, títí omi á fi tó ínǹṣì 18 lórí rẹ̀. Bí ewé bá dàgbà tán tó wá ń nàró kúrò nínú omi bí ewé kókò, àyè ti há mọ́ ọn, ẹ hú u kẹ́ ẹ pín in.

Ti ẹ̀pìyà: wọ́n ń ge ọ̀mùnú kó tó dé ojú omi. Àrọ̀ tún burú jù, ó ń tú ẹrẹ̀. Tó bá jẹ́ torí ẹ̀fọn ni, ẹ fi ọmọ ẹja 5 sílẹ̀, kẹ́ ẹ kó wọn kí wọ́n tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sókè náà, ẹ gbé e jìnnà. Òṣíbàtà kò fẹ́ kí omi máa ta sí òun lórí ewé. Oòrùn wákàtí 6 lóòjọ́ ni ó kéré jù. Abẹ́ máńgòrò kọ́.

Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń tú ẹfun sómi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ adágún, kó rọ omi kún un, kó fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kó dà á nù, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà Òkìtìpupa tàbí Ìlàjẹ lẹ ti fẹ́ wá iṣu mìíràn, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ fínnífínní. Èpò olódòdó àlùkò tó dí odò wọn lọ́hùn-ún, kékeré rẹ̀ kan ti tó láti gba gbogbo adágún. Ẹ wọ bàtà ròbà gígùn kẹ́ ẹ tó wọ omi adágún tí ìgbín kéékèèké wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù: ìgbà wo lẹ máa ń lọ wò ó? Òṣíbàtà funfun ilẹ̀ wa, alẹ́ ló ń là. Ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti pa dé. Ọ̀sán gangan, bí ìkúùkù ọmọdé lẹ máa bá a. Alẹ́ 3 tàbí 4 ló ń lò, á wá rì sísàlẹ̀ omi láti lọ so èso. Kò jẹrà, ẹ má fà á tu.

Ẹ tún un gbìn lọ́sẹ̀ yìí, kí òjò ṣì bá a. Ewé tuntun á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi náà á mọ́ fúnra rẹ̀ bí ewé bá ti bo ìdajì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wo ìdí rẹ̀: ewé tuntun máa ń ká jọ bí ẹní tí wọ́n ká láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tó bá yọ ní rìbìtì bí ẹyin ẹyẹlé, tí orí rẹ̀ ṣonṣo, òdòdó nìyẹn.