Iná Dé, Kọ̀ǹpútà Kò Dìde

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Mo ní ilé oògùn kékeré kan ní Ìsẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tó ń tọ́jú orúkọ oògùn, iye owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà méjì tó wà ní káúńtà ti ń mú gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá mú iná lóru, tí wọ́n wá mú un dé ní aago mẹ́rin ìdájí, ti yàrá ẹ̀yìn yìí á kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bá lọ ra ọjà ní Ìbàdàn, ṣe ni àwọn ọmọ tó ń bá mi tajà máa ń fi bírò kọ nǹkan sínú ìwé títí n ó fi dé. Ẹnì kan ní kò sóhun tí a lè ṣe sí i. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá olóògùn, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrìn Ìbàdàn. Kì í ṣe òótọ́ o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe kọ̀ǹpútà yín ni wọ́n ti fi agbára àtidìde fúnra rẹ̀ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí i fún yín ni.

Kí Windows tó jí rárá, ètò kékeré kan wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà, tó máa ń kọ́kọ́ jí. BIOS ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí iná bá lọ tó sì padà dé. Ohun mẹ́ta ló lè yàn: kó wà ní pípa, kó tàn, tàbí kó padà sí bó ṣe wà nígbà tí iná ń lọ. Pípa ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń fi í sí, òun ni tiyín fi ń dákẹ́.

Láti débẹ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà dáadáa, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì kan léraléra kí Windows tó yọjú. F10 ni ti HP, F2 ni ti Dell, F1 ni ti Lenovo orí tábìlì. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tò jọ fún yín níbí ni, Delete ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iná. HP àti Lenovo ń kọ ọ́ ní "After Power Loss", Dell ń kọ ọ́ ní "AC Recovery", bọ́ọ̀dù Gigabyte ní tiẹ̀ ń kọ "AC BACK". Ẹ yàn án sí "Power On" tàbí "Always On", ẹ fi í pamọ́, kí ẹ jáde. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan, irú bíi ti ASUS, ohun kan tó ń jẹ́ "ErP" tún wà nítòsí ibẹ̀. Bó bá wà ní títàn, ẹ pa á, nítorí ó máa ń gé ìwọ̀nba iná tí bọ́ọ̀dù fi ń ṣọ́nà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa.

Ẹ ó rí "Last State" níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó dára lójú, àmọ́ ẹ má yàn án. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kó padà sí bó ṣe wà. Bí kọ̀ǹpútà bá ti pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́ kí iná tó gé pátápátá, pípa ló wà, pípa náà ló sì máa wà nígbà tí iná bá dé.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ má fa wáyà yọ nígbà tí Windows ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí ìyẹn lè ba fáìlì jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà náà bí ẹ ṣe máa ń pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ tún un kì. Bó bá tàn láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan bọ́tìnì, ó ti gbà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, tí kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí kọ̀ǹpútà tún padà sí ìwà rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí à ń rà. Bátìrì pẹlẹbẹ kan bí owó ẹyọ wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, fóòtì 3 ni agbára rẹ̀. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago nígbà tí iná ò bá sí, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ òun náà ló sì ń bá a rántí ohun tí ẹ yàn nínú BIOS. Bí bátìrì yìí bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni kọ̀ǹpútà máa gbàgbé. Á padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, tàbí kó tàn kó wá dúró síbi tó ti ń ní kí èèyàn tẹ F1 kí òun tó lè tẹ̀ síwájú. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí ẹ tì pa? Bí ẹ bá rí i pé déètì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín máa ń padà sí ọdún tó ti kọjá, ẹ má wádìí mìíràn, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe lẹ ti lè rí i rà. Bí kò bá sí kíbọ́ọ̀dù lára kọ̀ǹpútà náà, àwọn BIOS kan á torí ìyẹn dúró. Ẹ wá "Halt On" níbẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kó má ṣe dúró nítorí àṣìṣe kankan.

Ti Windows kò le. Bí ètò tó ń tọ́jú oògùn yín bá ń lo MySQL tàbí SQL Server, àwọn ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ṣe é fún yín fi í sí ara àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni káúńtà á fi máa rí i láìjẹ́ pé ẹnì kan tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ yọ páásíwọ́ọ̀dù kúrò pátápátá. Ẹ má gbà fún wọn. Ilé oògùn ni, ẹni tó bá mọ oògùn tí èèyàn ń rà mọ àìsàn tó ń ṣe é.

Bàbá, ohun tó kù ló jẹ mí lógún jù lọ. Ní ọdún 2009, mo ń ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Òṣogbo. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la ní. Ọ̀gá mi ní òun ò fẹ́ máa rìn kiri tan ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá fi gbogbo wọn sí "Power On". Inú wa dùn sí i fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, iná dé, ó lọ, ó tún dé, ó tún lọ, kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ìgbà kẹta tó dé, gílóòbù ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún ń kú. Èéfín yọ lẹ́yìn ọ̀kan. Ọ̀kan mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́ nínú, mo sì mọ̀ pé díìsìkì rẹ̀ ti lọ. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣejáde ọmọ yunifásítì kan wà, ibì kan ṣoṣo tó tọ́jú rẹ̀ sí nìyẹn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ni mo tẹ "Power On" yẹn. Mi ò gbàgbé ojú ọmọ náà títí dòní.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo fíríìjì, ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ amúlétutù àdúgbò ló ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Fóòtì 230 ló yẹ kó máa wọlé, àmọ́ á máa lọ sókè, á máa lọ sílẹ̀, ìgbà mìíràn á tún gé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kọ́kọ́ dé yìí gan-an ló burú jù fún kọ̀ǹpútà láti dìde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tiyín dìde sínú rẹ̀. Ẹ ra ohun tí wọ́n ń pè ní fíríìjì gáàdì, èyí tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó jẹ́ kí iná kọjá, tó sì máa ń gé e bó bá pọ̀ jù tàbí bó bá kéré jù. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ju ẹyọ kan lọ, ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn dìde pọ̀. Èyí tó ń tọ́jú nǹkan ni kó kọ́kọ́ dìde, kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn tan ti káúńtà. Kí ẹ sì máa da àkọsílẹ̀ oògùn yín kọ síbòmíràn lálaalẹ́, torí ti ọmọ Òṣogbo yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, àǹtí. London ni mo wà, ní Peckham. Mo fi kámẹ́rà mẹ́rin sí ilé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kọ̀ǹpútà kan sì ń tọ́jú àwòrán wọn. Mo ti fi í sí "Power On", mo sì ra UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ, tó ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá fẹ́ tán. Bí iná bá lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sóhun tó ń ṣe é. Bó bá lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń dìde. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tó máa wà ní pípa, tí mo fi ní láti bẹ ará ilé kejì pé kó bá mi tẹ bọ́tìnì. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kì í sún mọ́ ọn. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, London

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ò ṣe ohun tí kò dáa. UPS yẹn gan-an ló ń bò ó lójú. Wo àwọn ọjọ́ tó ń ṣẹlẹ̀: iná lọ, bátìrì UPS fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀ bí o ṣe sọ fún un. Àmọ́ bátìrì ò tíì tán tán. Kó tó tán, iná dé. UPS kò dákẹ́ rárá, iná ò sì gé lẹ́yìn kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú tirẹ̀, iná kò lọ, nítorí náà kò sí iná tó dé. Kí ló máa jí sí?

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí UPS fúnra rẹ̀ gé iná tó ń gbé jáde lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti pa tán, bí iná ìta tilẹ̀ ti dé. Bó bá wá dá a padà, kọ̀ǹpútà á rí i pé iná dé lóòótọ́. Bó bá jẹ́ Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà dípò Windows, apcupsd tàbí Network UPS Tools, àwọn ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, lè pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún UPS. Ìtọ́sọ́nà àwọn méjèèjì ń pè é ní "killpower". Yẹ ìwé UPS rẹ wò bóyá ó lè gbọ́ àṣẹ náà, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kò lè gbọ́ ọ. Bó bá wà lára tìrẹ pé kó dúró kí bátìrì gba iná díẹ̀ kó tó dá iná padà fún kọ̀ǹpútà, lò ó. Bí iná bá tún lọ lójijì, á ṣì ní agbára tó tó láti pa kọ̀ǹpútà wọ́ọ́rọ́.

Bí UPS rẹ kò bá gbọ́ àṣẹ, fi kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń jẹ́ Raspberry Pi síbẹ̀, kí o fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sínú iná tó ń bọ̀ tààrà láti ìta. Kì í dúró de bọ́tìnì. Bí iná bá ti kàn án ló ń dìde. Kó wà lórí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àwòrán, kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tó bá dìde, kó wá fi "Wake-on-LAN", ìyẹn àṣẹ ìjí tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, jí i. Ìwọ ní láti kọ́kọ́ ṣí ìyẹn nínú BIOS àti nínú Windows tàbí Linux. Ìyẹn á gba ará ilé kejì lọ́wọ́ ìyọnu. Bá mi kí bàbá o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ṣe irú rẹ̀ sí láptọ́ọ̀pù? Mo máa ń fi ti èmi sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kó máa gba fáìlì ńlá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lóru.
Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bátìrì tó wà lára láptọ́ọ̀pù rẹ ni UPS tìrẹ. Bó bá ṣì dáa, iná á lọ, á dé, láptọ́ọ̀pù ò ní mọ̀ rárá. Bó bá ti ń kú kí wákàtí kan tó pé, bátìrì tuntun ni kó o fi owó rẹ rà. Bí bátìrì bá sì tán pátápátá, àwọn díẹ̀ ló máa ń dìde fúnra wọn. ThinkPad ń kọ ọ́ sínú BIOS rẹ̀ ní "Power On with AC Attach", àwọn Dell kan sì ní "Wake on AC". Má ṣe gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ooru ò ní ríbi jáde. Bí o kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù rẹ ránṣẹ́ sí mi, n ó bá ọ wò ó.