Èsì: ìlà 1300 MHz yẹn, háídírójìn ni àbí maser?

O kú iṣẹ́. Ìlà kan ṣoṣo tó o rí ní 1300 MHz nínú ìgbì rédíò gálásì yẹn, tó o bi mí bóyá háídírójìn ni, má tíì pè é bẹ́ẹ̀. Wo redshift gálásì náà (bí ìgbì rẹ̀ ṣe nà tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa) nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí. Tó bá sún mọ́ 0.09, háídírójìn ni. Tó bá jẹ́ 0.28, maser OH ni (ìgbì rédíò tí mólékù OH, ìyẹn ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan, ń sọ di alágbára), torí 1667 MHz ló ti ṣẹ̀. Tí kò bá bá ìkankan mu, ariwo rédà tàbí sátẹ́láìtì ni màá fura sí.

Ìyẹn tí ẹnìkan bá ti wọn redshift yẹn o. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yẹ àwòrán WISE wò, ìyẹn awò inú òfuurufú tó ń ya infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí): gálásì méjì tó ń forí gbárí, tó ń tàn yòò nínú infrared, ni maser OH sábà máa ń gbé.

Irú maser OH bẹ́ẹ̀ ni awò rédíò MeerKAT rí ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n kéde ní 2022, redshift 0.52. Nkalakatha ni wọ́n sọ ọ́, "ọ̀gá ńlá" lédè Zulu. Orúkọ náà bá a mu jàre.