Kí ló dé tí òwú ọrùn tíṣáàtì ọmọdé fi ń já nígbà tí ọmọ bá ń wọ̀ ọ́?

Òwú ń já nítorí pé aṣọ náà ń fà, ìrán gbọọrọ kò sì lè fà bá a. Ìrán sígísáàgì tóóró (èyí tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ), òwú polyester àti abẹ́rẹ́ jersey ni kí ẹ lò.

Ẹ fi sígísáàgì sí bíi mìlímítà 1 ní fífẹ̀ àti 2.5 ní gígùn. Ẹnu abẹ́rẹ́ jersey rí rọ́bọ́tọ́, ó ń ti òwú aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá ni. Èyí tó mú ṣóńṣó máa ń gé e, ihò á sì yọ lẹ́bàá ìrán lẹ́yìn ìfọ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 70 tàbí 80 tó fún tíṣáàtì fẹ́lẹ́.

Ọrùn ló le jù. Orí ọmọ ọdún 1 máa ń tó bíi sẹ̀ǹtímítà 46 yípo, ọrùn aṣọ gbọ́dọ̀ fà tó bẹ́ẹ̀ kó sì padà. Ẹ gé ìgbátí (aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán mọ́ ọrùn) kó kúrú díẹ̀ ju ojú ọrùn lọ, ìgbátí nìkan ni kí ẹ sì fà bí ẹ ṣe ń rán an. Tí ẹ bá fa ara aṣọ, etí rẹ̀ á ṣe wúruwùru.

Aṣọ òwú tí ẹ rà l'Ọ́jà Wàndó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, torí ó máa ń súnkì.

Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́, irú èyí tí àwọn aránṣọ kan ṣì ń lò l'Ájàṣẹ́, kì í sábà ṣe sígísáàgì. Ẹ lè rọra fa aṣọ níwájú àti lẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Ìyẹn tó fún ẹ̀gbẹ́. Ní ti ọrùn, ẹ kúkú ṣí èjìká kan, kí ẹ fi bọ́tìnnì sí i.